"Ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé dé": ṣé èébú ni?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé o. Arábìnrin kan tó ń gbé Badagry lọ́dọ̀ ẹbí ọkọ ẹ̀ ní lọ́dún tó kọjá, lọ́jọ́ Kérésì, ìyá ọkọ òun gbé kúlà ìrẹsì àti abọ́ adìẹ lé òun lọ́wọ́ pé kóun gbé e lọ fún Àlhájì, bàbá àgbà tó wà nílé kejì. Bàbá gbà á, wọ́n ṣàdúrà fún un dáadáa, ni wọ́n bá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní "Ayé la bá Ifá, ayé la bá Ìmàle, ọ̀sán gangan ni Ìgbàgbọ́ wọlé dé." Nígbà tó délé tó ròyìn, inú bí ọkọ ẹ̀, ó ní èébú ni bàbá bú ẹ̀sìn àwọn. Kérésì ti tún kù díẹ̀ báyìí, ṣọ́ọ̀ṣì ń múra kárọ́ọ̀lù, ìyá ọkọ ti ń ṣètò àwọn tí wọ́n máa gbé oúnjẹ fún, ọkọ sì ní oúnjẹ kankan ò gbọdọ̀ dé ilé Àlhájì lọ́dún yìí. Kí wá ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an?

Kì í ṣe èébú, arábìnrin mi, ẹ bá mi sọ fún ọkọ yín kó fọkàn balẹ̀. Ohun tí òwe yẹn ń sọ ni bí àwọn ẹ̀sìn mẹ́ta yìí ṣe tẹ̀ léra dé ọ̀dọ̀ wa, kò sọ pé ọ̀kan lọ́lá ju ìkejì lọ. Ẹni tó bá ní "ayé la bá Ifá", ohun tó ń sọ ni pé bí wọ́n ṣe bí òun ló ti wà ńlẹ̀, bàbá òun náà ò mọ ọjọ́ tó dé, kódà ní Badagry níbẹ̀ àwọn Ẹ̀gùn náà ní tiwọn, Fá ni wọ́n ń pè é, torí náà gbólóhùn àkọ́kọ́ yẹn, àti Ẹ̀gùn àti Yorùbá ló lè sọ ọ́. Ìmàle náà, kì í ṣe pé ọjọ́ kan náà lòun àti Ifá dé o, àmọ́ ó ti pẹ́ gan-an nílẹ̀ Yorùbá kí oníwàásù òyìnbó kankan tó yọjú, ó ti pẹ́ débi pé ẹni tó pa òwe yìí ò bá ẹnì kankan tó rí i nígbà tó ń wọlé. Ti Ìgbàgbọ́ ló wá yàtọ̀. Ojú àwọn tó ń sọ ọ́ ló ṣe, oòrùn ti là, gbogbo ayé ti jí, wọ́n jókòó síwájú ilé wọ́n sì ń wò ó bó ṣe ń bọ̀. Lójú tèmi ibẹ̀ ni adùn òwe yẹn wà, ohun tó bá wọlé lọ́sàn-án gangan kì í ṣe ohun tó yọ́ wọlé, ẹlẹ́rìí pọ̀ fún un.

Tí ìlú kan bá sì wà tó lè jẹ́rìí sí i, Badagry ni. Ní September 24, 1842 ni Thomas Birch Freeman, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tó ń ṣiṣẹ́ ní Cape Coast nílẹ̀ Gánà, gúnlẹ̀ síbẹ̀, òun àti William de Graft. Freeman yìí, òyìnbó ni ìyá ẹ̀, èèyàn dúdú ni bàbá ẹ̀, England ni wọ́n ti bí i. Kì í sì í ṣe pé wọ́n kàn ṣèèṣì yà síbẹ̀ o! Àwọn èèyàn wa tí wọ́n ti kó lẹ́rú tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ lórí omi, tí wọ́n wá ti Sàró, ìyẹn Sierra Leone, padà wálé, ló ránṣẹ́ pè wọ́n, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ James Ferguson ló kọ lẹ́tà láti Badagry pé kí wọ́n rán oníwàásù sáwọn. Èyí ṣe pàtàkì sí mi gan-an, torí táwọn èèyàn bá ń pa òwe yìí wọ́n á máa ṣe bíi pé àlejò kan ló dédé já wọlé tẹ́nì kan ò pè é, bẹ́ẹ̀ ọmọ tí wọ́n jí gbé tó wálé ló mú un wá.

Ẹ wá gbọ́ ti Kérésì. Ní December ọdún 1842 yẹn Freeman lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ìgbà tó máa padà dé Badagry lọ́jọ́ tí Kérésì ku ọ̀la, December 24, ẹni tó bá níbẹ̀ ni Henry Townsend ti CMS, àwọn Áńgílíkà nìyẹn, tóun náà ń lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀tọ̀ ni ìjọ Freeman, ọ̀tọ̀ ni ti Townsend, síbẹ̀ wọ́n jọ ṣe Kérésì yẹn pọ̀ ni. Abẹ́ igi Agia tí wọ́n ti wàásù, igi yẹn wà níbẹ̀ títí di 1959 kó tó wó, òkúta ìrántí ló wà lójú ibẹ̀ báyìí, ilé alájà tí CMS kọ́ lọ́dún 1845 ṣì wà létí ọ̀sà ní Marina tí Àjàyí Crowther gbé ibẹ̀. Nítorí náà tí Àlhájì bá ní ọ̀sán gangan lẹ dé, ìtàn ìlú yín ni wọ́n ń sọ, ọjọ́ tí ẹ dé wà lákọọ́lẹ̀, kí ló wá kan ìtìjú níbẹ̀?

Ẹ wo àwọn Sẹ̀lẹ́, ìjọ Celestial, náà, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni Oshoffa ti dá ìjọ yẹn sílẹ̀ lọ́dún 1947, èyí ò tíì jìnnà rárá, síbẹ̀ ta ló máa sọ pé wọn kì í ṣe ọmọ ilé ní Badagry? Tó bá di ìparí ọdún báyìí, ẹ̀ẹ́ rí wọn tí wọ́n ń di ẹrù, tí wọ́n ń lọ sí Imẹ̀kọ fún Kérésì, ẹlòmíì á sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé sílẹ̀ lọ́dọ̀ Mùsùlùmí tí wọ́n jọ ń gbé.

Àmọ́ mi ò ní sọ pé ọkọ yín kàn ń bínú lásán. Ọ̀rọ̀ yìí lè di èébú lóòótọ́. Tí wọ́n bá pa á níbi ìpàdé àdúgbò tàbí níbi tí wọ́n ti ń jà sí ilẹ̀ tàbí oyè, tí wọ́n fojú burúkú pa á, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àtọ̀húnrìnwá ni yín, kẹ́ ẹ dákẹ́ fún onílé. Ẹ wo ẹni tó pa á àti ibi tó ti pa á. Bàbá arúgbó tó gba oúnjẹ yín, tó kọ́kọ́ ṣàdúrà, tó wá fẹ̀rín pa á, ẹ̀fẹ̀ ni bàbá ń bá ìyàwó ilé ṣe, bí ẹ̀gbọ́n ṣe máa ń sọ fún àbúrò pé èmi ni mo ṣáájú ẹ dáyé. Bàbá tí ò bá ka èèyàn sí tiẹ̀ kì í bá a ṣe irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ti oúnjẹ yẹn náà, kí ọkọ yín bi ìyá ẹ̀ léèrè. Ẹran Iléyá tó ń wọlé yín lọ́dọọdún, ta ló ń gbé e wá? Àwọn àgbà ní àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní, ìyẹn ni pé ẹni tó bá ń jẹ nínú tẹlòmíì, ó yẹ kóun náà ní tiẹ̀ tó máa gbé sílẹ̀. Bí ìyá ọkọ yín ò bá gbé oúnjẹ jáde lọ́jọ́ Kérésì, ojú á tì í láti gba ẹran Iléyá tó bá yá, ohun tó jẹ́ kó fẹ́ gbé e lọ nìyẹn, kì í ṣe pé ó fẹ́ lọ ṣe ẹ̀sìn míì. Tẹ́ ẹ bá dá abọ́ yẹn dúró, àwọn ọmọ tí wọ́n jọ ń lọ iléèwé, tí wọ́n jọ ń pọnmi, ló máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n lára.

Tẹ́ ẹ bá máa gbé e lọ, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú ọmọ ilé Àlhájì wá bá yín dúńbú adìẹ láàárọ̀ Kérésì, ọ̀pọ̀ ilé onígbàgbọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ kọ́kàn àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń gbé e fún lè balẹ̀. Kí ọkọ yín fúnra ẹ̀ gbé kúlà yẹn lọ lọ́dún yìí, kó dọ̀bálẹ̀ kí bàbá. Tí wọ́n bá tún pa òwe wọn, kó ní "Òótọ́ ni bàbá, ọ̀sán gangan la dé, ìgbà tí oúnjẹ jinná náà nìyẹn." Bàbá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ní kó jókòó.