Ṣé kí n yáwó kó bátìrì lithium pamọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjinníà. Iṣẹ́ inverter àti sólà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Wọ́n ní Kóńgò kò jẹ́ kí cobalt, ohun àlùmọ́nì tí wọ́n fi ń ṣe àwọn bátìrì kan, jáde mọ́, pé bátìrì lithium máa wọ́n gógó. Àwọn oníbàárà mi ti ń páyà. Ṣé kí n yáwó kó bátìrì sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tìtorí cobalt yáwó rárá. Òótọ́ ni pé Kóńgò ti Kinshasa dá títa cobalt sókè òkun dúró ní oṣù kejì ọdún 2025. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, wọ́n ṣí i padà, àmọ́ wọ́n fi gbèdéke sí iye tó lè jáde. Owó rẹ̀ ti já wálẹ̀ jù lójú wọn, wọ́n fẹ́ kó gòkè. Ó sì lé ní ìdá méje nínú mẹ́wàá cobalt ayé tó ń ti ilẹ̀ wọn jáde, kò sí bí ọjà kò ṣe ní mì.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ara bátìrì tí ẹ ń tà. Bí ẹ bá rí LiFePO4 tàbí LFP níbẹ̀, kò sí cobalt nínú rẹ̀. Fe yẹn, irin ni. Bó bá jẹ́ NMC, oríṣi bátìrì lithium mìíràn, lẹ rí, C yẹn ni cobalt. Ọkọ̀ oníná ló sábà máa ń lò ó.

Lithium fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ó wọ́n kọjá ààlà lọ́dún 2022, ló bá já lulẹ̀ nígbà tí wíwà rẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹni tó bá fi owó èlé kó ọjà jọ nígbà yẹn, ó ti wọ gbèsè.

Ṣáínà ni èmi ń fojú sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú LFP àti graphite, èròjà dúdú bí èédú tó ń wà nínú bátìrì. Graphite wà nílẹ̀ ní Mozambique àti Madagascar o, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń tún un ṣe dójú ìwọ̀n bátìrì ló kéré. Láti oṣù kejìlá 2023, ẹni tó bá fẹ́ kó o kúrò ní Ṣáínà gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Síbẹ̀, ọ̀wọ́n dọ́là ló máa kọ́kọ́ bá ẹ̀yin kí wàhálà Ṣáínà tó dé Ìbàdàn.

Bátìrì tẹ́ ò tíì lò náà ń gbó nínú páálí, ooru sì ń yára bà á jẹ́. Èyí tẹ́ ẹ lè tà láàárín oṣù méjì sí mẹ́ta ti tó. Kí iná inú rẹ̀ wà ní bí ìdajì, ẹ má tò ó sábẹ́ páànù gbígbóná. Oníbàárà tí ẹ̀rù ọ̀wọ́n bá ń bà, kó san owó tirẹ̀ lónìí, kẹ́ ẹ fi ra tirẹ̀ fún un.