Ìbéèrè Yín: Ṣé fírísà olówó pọ́ọ́kú àti wáráńtì ẹ̀ tó nǹkan tí èèyàn ń gbára lé?

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Òkè-Baálẹ̀ ni mò ń gbé, iwájú ilé ni mo ti ń ta píọ̀ wọ́tà, sóbò àti mínírà tútù. Fírísà tí mò ń lò ti gbó, ọjọ́ kan á tutù ọjọ́ kejì á kọ̀, mo wá lọ wo òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Alékúwodò. Méjì ni wọ́n fi hàn mí. Ọ̀kan ₦245,000, mi ò gbọ́ orúkọ ẹ̀ rí, ìkejì ₦390,000, òun ni tọmọdé tàgbà mọ̀. Ọmọ tó ń tajà ní kí n mú ti owó kékeré yẹn, pé tí mo bá fi ₦15,000 sí i àwọn á fún mi ní wáráńtì ọdún méjì. Owó àjọ ni mo fẹ́ fi rà á o, mi ò ní òmíràn. Ṣé wáráńtì yẹn ṣe é gbára lé, àbí kí n ṣì ní sùúrù?
— Ìyá oní-sóbò, Òkè-Baálẹ̀

Ìyá wa, ẹ kú làálàá. Owó àjọ kì í ṣe owó eré, ìdí nìyẹn tí mo fi ka lẹ́tà yín lẹ́ẹ̀mejì kí n tó dá a lóhùn. Mo máa kọ́kọ́ sọ tèmi: ẹ má fi ₦15,000 yẹn ra wáráńtì, ẹ fi kún owó sitébíláísà, ẹ̀rọ tó máa ń tún iná ṣe kó tó dé inú fírísà. Ẹ jẹ́ n wá sọ ìdí ẹ̀.

Wáráńtì tí ilé iṣẹ́ tó ṣe fírísà máa ń fún èèyàn, ọdún kan ló sábà máa ń jẹ́. Tẹ́ ẹ bá rí "ọdún mẹ́wàá" gàdàgbà lára ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ ka kékeré tó wà lábẹ́ ẹ̀ dáadáa, kọ̀mpírẹ́sọ̀ (ẹ̀rọ ẹ̀yìn ẹ̀ tó ń mú kó tutù) nìkan ni wọ́n sábà máa ń sọ, ìyẹn ni pé wọ́n lè fún yín ní kọ̀mpírẹ́sọ̀ ṣùgbọ́n owó gáàsì, owó iṣẹ́ àti owó ọkọ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa san án. Ti ọdún méjì tí ọmọ yẹn ń sọ yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Bó ṣe jẹ́ pé ẹ máa san owó ẹ̀ lọ́tọ̀ yẹn, ó jọ pé wáráńtì ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu oní-ṣọ́ọ̀bù lásán ni tí kò bá sí nínú ìwé, tí ṣọ́ọ̀bù bá sì kógbá wọlé lọ́dún tó ń bọ̀, ta lẹ fẹ́ lọ bá?

Ojú mi ti rí i, ni mo ṣe ń sọ ọ́. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn mo ra fíríìjì kan, oṣù méje péré ló lò, iná inú ẹ̀ ń tàn ṣùgbọ́n kò tutù mọ́. Mo mú káàdì wáráńtì, mo gba ṣọ́ọ̀bù lọ, wọ́n ní àwọn kì í tún un ṣe níbí, Ìbàdàn ni kí n gbé e lọ. Òṣogbo sí Ìbàdàn, bíi kìlómítà 90, fíríìjì ò sì ṣe é tẹ́ sí bùútù táksí, òòró ló yẹ kó dúró, owó tí ọlọ́kọ̀ ẹrù pè fún àlọ àti àbọ̀ fẹ́ẹ̀ tó ìdajì owó tí mo fi rà á. Mo tún pè wọ́n lórí fóònù, wọ́n ní kí n ka nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀ fáwọn, mo kà á, wọ́n wá bèèrè sítáǹpù orí káàdì. Kò sí sítáǹpù. Ọjọ́ tí mo rà á gan-an ò sí lórí ẹ̀, àyè ibẹ̀ funfun báláú. Oní-ṣọ́ọ̀bù ló yẹ kó kọ ọ́ lójú mi, kò kọ ọ́, èmi náà ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Oṣù mẹ́ta ni fíríìjì yẹn fi wà ní kọ̀rọ̀ ilé ìdáná, ẹran Iléyá ọdún yẹn, inú fíríìjì àwọn aládùúgbò ni mo pín in sí. Ó dùn mí gan-an, ó ṣì ń dùn mí.

Ìyá wa, ẹ tún wo ọ̀rọ̀ iná. Lójú tèmi, ohun tó ń pa fírísà nílùú wa níbí ju àlééfù ilé iṣẹ́ lọ ni háfù kọ́rẹ́ǹtì. Iná tó yẹ kó jẹ́ 230 fóòtì, tó bá di alẹ́ tí gbogbo àdúgbò ti dé látẹnu iṣẹ́, á wálẹ̀ débi pé gílóòbù á pọ́n bí ẹyin iná. Ẹ lọ dúró ti fírísà yín nírú àsìkò yẹn, kẹ́ ẹ sún mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ máa gbọ́ tó ń kùn, mmmmm, fún ìgbà díẹ̀, á wá ṣe kẹ̀, á dákẹ́. Tó bá ṣe díẹ̀ á tún bẹ̀rẹ̀, mmmmm, kẹ̀. Kọ̀mpírẹ́sọ̀ ló ń wá agbára tó máa fi gbéra tí kò rí, gbogbo àsìkò tó ń kùn yẹn wáyà inú ẹ̀ ń gbóná burúkú ni, kẹ̀ tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn sì ni nǹkan kékeré kan tó ń já iná kúrò kí wáyà má baà jó. Nǹkan kékeré yẹn ò lè máa ṣe é títí láé. Tí wáyà bá wá jó tán, tẹ́ ẹ sáré gbé káàdì wáráńtì jáde, gbogbo káàdì tí èmi ti kà ló sọ pé tó bá jẹ́ iná ló bà á jẹ́, kò kan àwọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tún ń sọ pé ìlò inú ilé nìkan ni wáráńtì wà fún, ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ṣí fírísà fún oníbàárà láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, òwò ni wọ́n máa pe ìyẹn.

Ìdí tí mo ṣe ní kẹ́ ẹ ra sitébíláísà nìyẹn. Kẹ́ ẹ ra èyí tó lágbára ju fírísà lọ dáadáa, tó sì lè gba iná tó ti wálẹ̀ gan-an, ẹ ní kó fi hàn yín níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí lára ẹ̀. Kó sì jẹ́ èyí tó máa ń dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó tó fún fírísà níná tí NẸ́PÀ bá mú iná dé (IBEDC ni wọ́n báyìí, NẸ́PÀ la ṣì ń pè wọ́n), torí gáàsì inú kọ̀mpírẹ́sọ̀ gbọ́dọ̀ ráyè balẹ̀ kó tó tún gbéra.

Tó bá wá kan èyí tẹ́ ẹ máa mú nínú méjèèjì, àwọn àgbà ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n mi ò ní sọ fún yín pé gbogbo ọjà owó pọ́ọ́kú ni kò dáa, mo mọ àwọn tó ti lo irú ẹ̀ pẹ́. Ẹ lọ bá ẹni tó ń bá yín tún fírísà yín ṣe, ẹ dárúkọ ti ₦245,000 yẹn fún un, ẹ bi í bóyá ó ti tú irú ẹ̀ rí, ṣé ó máa ń rí páàtì ẹ̀ rà ní Òṣogbo níbí. Tó bá ní òun ò mọ̀ ọ́n, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ tún bi ṣọ́ọ̀bù léèrè bóyá èyí tó kéré ju ti ₦390,000 lọ wà nínú orúkọ tí gbogbo èèyàn mọ̀ yẹn, ó lè wá sún mọ́ owó ọwọ́ yín, èmi ì bá mú ìyẹn.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà á, kí wọ́n kì í bọ iná lójú yín, kẹ́ ẹ jókòó tì í bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ níta, ó yẹ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ má bẹ̀rù, ooru inú ló ń gbé jáde. Ẹ fi owó náírà há ẹnu ìdérí kẹ́ ẹ pa á dé, tẹ́ ẹ bá fà á tó bọ́ fẹ̀rẹ̀, rọ́bà ẹ̀ ò dì dáadáa. Kí wọ́n kọ déètì àti nọ́ńbà ẹ̀ sórí risíìtì àti káàdì, kí wọ́n lu sítáǹpù, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ sórí fóònù yín torí táádà risíìtì máa ń pa rẹ́. Tí wọ́n bá lẹ "No refund" mọ́ ògiri, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, òfin FCCPC (àjọ tó ń gbèjà oníbàárà) ti ọdún 2018 ní ọjà tí wọ́n bá tà fúnni gbọ́dọ̀ dáa kó sì ṣiṣẹ́, ìwé ara ògiri ò lè gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ yín tí àlééfù bá wà lára ọjà.

Àǹtí, fáànù tí wọ́n ń ṣáàjì tí mo rà ní wáráńtì ọdún kan, bátìrì ẹ̀ kú lóṣù kẹrin, wọ́n ní wáráńtì ò kan bátìrì. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?
— Ọmọ UNIOSUN

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ó ṣeé ṣe kó wà nínú káàdì, wọ́n sábà máa ń yọ bátìrì sílẹ̀ tàbí kí wọ́n fún un ní oṣù díẹ̀, ka tìẹ wò kó o tó bá wọn jà. Ṣùgbọ́n wo èyí náà: tó bá jẹ́ bátìrì dúdú tó wúwo yẹn ni, kò fẹ́ kí wọ́n lò ó tán pátápátá kí wọ́n wá gbé e jù sílẹ̀. Tó o bá ń lọ sílé fún họ́lídé, jẹ́ kó kún kó o tó lọ, tí họ́lídé bá gùn, ẹ bá ẹni tó wà nítòsí sọ kó máa ṣáàjì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bátìrì nìkan lo máa rà, fáànù yẹn ṣì wúlò, má sọ ọ́ nù.

Tókúnbọ̀ fíríìjì ń kọ́, ṣé kò dáa ju tuntun olówó kékeré lọ?
— Bàbá Ògo-Olúwa

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Fíríìjì àlòkù wà lára ohun tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ò gbà kó wọ Nàìjíríà, torí náà kò sẹ́ni tó máa dúró lẹ́yìn ẹ̀ tó bá bàjẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́, "ẹ tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta" náà ni gbogbo wáráńtì ẹ̀. Tó bá wá jẹ́ láti Amẹ́ríkà, 120 fóòtì ni wọ́n ṣe é fún, ti wa jẹ́ 230, ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá kì í bọ iná báyẹn ni ẹ máa gbọ́ òórùn ẹ̀.