Ṣé kí n sọ̀kalẹ̀ ni, àbí kí n dúró lókè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ ọdún 19 ni mí, Òkè-Àró nílùú Àkúrẹ́ ni mò ń gbé. Oṣù mẹ́jọ rèé tí mo ti ń kọ́ karátè. Ojoojúmọ́ ni olùkọ́ wa ń pariwo pé kí n sọ̀kalẹ̀ sí i nínú ìdúró mi. Tí mo bá sọ̀kalẹ̀ lóòótọ́, kò sẹ́ni tó lè tì mí. Àmọ́ tá a bá ń ṣe kumite, ìyẹn ìjà ìdánrawò ẹni méjì, ẹnìkejì á ti lù mí kí n tó gbẹ́sẹ̀. Tí mo bá sì dúró lókè, wọ́n á gbá mi lẹ́sẹ̀, mo ṣubú. Èwo ni kí n mú?

Ìdáhùn: Olùkọ́ rẹ ò purọ́, ìwọ náà ò sì purọ́. Ńṣe la máa ń yà sínú ìdúró rírẹlẹ̀ nígbà tí ẹ̀ṣẹ́ bá ń balẹ̀, lẹ́yìn náà ká tètè jáde. Ìwọ ti sọ ọ́ di ilé.

Wo ẹni tó ń gúnyán. Kì í pa ẹsẹ̀ pọ̀, kì í sì yà á débi tí kò ní lè yí odó po. Orúnkún á rọ̀ díẹ̀. Bí ọmọ odó bá ń lọ sílẹ̀, ara á bá a lọ, bó bá gòkè, ara á gòkè.

Kéèyàn má bàa ṣubú, ìwúwo ara gbọ́dọ̀ wà láàárín àyè tí ẹsẹ̀ méjèèjì gbà nílẹ̀. Bí àyè yẹn bá fẹ̀, tí ìbàdí sì wálẹ̀, ó ṣòro láti tì ọ́. Ṣùgbọ́n kó o tó gbé ẹsẹ̀ iwájú, o ní láti kọ́kọ́ kó ìwúwo kúrò lórí rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ bá jìnnà síra jù, kíkó yẹn á pẹ́, ẹnìkejì á sì ti rí i.

Zenkutsu-dachi, ìyẹn ìdúró gígùn tí orúnkún iwájú tẹ̀, tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sì nà, tí ẹ fi ń ṣe kata (àwọn ìṣísẹ̀ tí wọ́n ti tò sílẹ̀, téèyàn ń dá ṣe) máa ń gùn tó ìwọ̀n èjìká rẹ lọ́nà méjì. Nǹkan bí ìdá 60 nínú 100 ìwúwo ara ló máa wà níwájú, ojúgun iwájú á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán. Láti yẹ̀ ẹ́ wò, fi orúnkún ẹ̀yìn kanlẹ̀: kó ku bí ìkúùkù kan tàbí méjì láàárín rẹ̀ àti gìgísẹ̀ iwájú. Bó bá jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, o ti yà á jù.

Ìbú gan-an ló ń ṣe ọ̀pọ̀ ní jàǹbá. Wọ́n á to ẹsẹ̀ méjèèjì sórí ìlà kan bí ẹni ń rìn lórí okùn. Iwájú á le, àmọ́ ìka kan láti ẹ̀gbẹ́ ti tó láti dà wọ́n nù. Mo fura pé ohun tó ń gbé ọ ṣubú nìyí. Fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sórí sìmẹ́ǹtì, kí ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lápá ọ̀tún, ti òsì lápá òsì, kí ìkankan má tẹ ìlà.

Nínú kumite, dín gígùn kù sí bí èjìká kan àti ààbọ̀. Pín ìwúwo dọ́gba, kí gìgísẹ̀ ẹ̀yìn gbéra díẹ̀, tí páálí tín-ín-rín á lè gba abẹ́ rẹ̀. Ní kí ọ̀rẹ́ rẹ pàtẹ́wọ́, kó o sì gbé ẹsẹ̀ iwájú lójú ẹsẹ̀. Bí orí rẹ bá kọ́kọ́ sún sẹ́yìn, ó ṣì gùn jù.

Tó o bá ń lọ síwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń tì, ti iwájú ló ń kọ́kọ́ kúrò, ti ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e níwọ̀n kan náà. Wọn ò gbọdọ̀ pàdé. Ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ balẹ̀ ni wọ́n máa ń gbá, torí náà gbé e kúkúrú, kó máa ra ilẹ̀. (Bó bá jẹ́ ilẹ̀ onítáìsì lẹ ti ń ṣe é, ẹ gbá eruku ọyẹ́ kúrò kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.)

Fi gyaku-zuki, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀yìn, dán an wò: láti ìdúró kúkúrú, ju ẹ̀ṣẹ́ kó o sì balẹ̀ sínú zenkutsu, kí ọ̀rẹ́ rẹ ti èjìká rẹ díẹ̀, kó o sì padà kó tó ka “méjì”. Mẹ́wàá fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kí orúnkún kọjú síbi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ kọjú sí. Bó bá ń wọ inú, dúró, torí iṣan inú orúnkún ló ń jìyà rẹ̀.

Ti kiba-dachi, ìdúró bí ẹni gun ẹṣin, tí wọ́n ń ní kẹ́ ẹ dúró sínú rẹ̀ títí itan á fi máa gbọ̀n, iṣan itan ló wà fún. Má gbé e wọ inú ìjà.