Aṣọ funfun lo nà, eérú ló jáde nínú fọ́tò

Àbúrò mi ní Ìkẹ́rẹ́, mo rí ìbéèrè rẹ. O ní raw (fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe rárá) lo fi ya àwọn ọmọ iléèwé níwájú aṣọ funfun, àmọ́ tó o bá ṣí i lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yìn wọn á ti di eérú. Tó o bá sì fa exposure (bí fọ́tò ṣe mọ́lẹ̀ tó) sókè kí ẹ̀yìn lè funfun, ojú àwọn ọmọ á bó, á mọ́lẹ̀ jù. O wá ń béèrè ohun tó yẹ kó o fà nínú darktable, ètò kọ̀ǹpútà tá a fi ń tún fọ́tò raw ṣe. Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ti ṣe èmi náà rí, ó sì ṣe mí dé ibi tí mi ò lè gbàgbé.

Iṣẹ́ ni mo gbà níléèwé kan níbí ní Adó, fọ́tò tí wọ́n máa lẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí mo kó wọn dé ọ́fíìsì, ọ̀gá tó wà lórí àga yọ ọ̀kan, ó fa bébà A4 jáde lábẹ́ fáìlì, ó tẹ́ fọ́tò náà lé e lórí. "Ẹ wò ó, ṣé funfun lẹ pe èyí?" Mo ní kí wọ́n sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ funfun tó, torí pé funfun ní nọ́ńbà tiẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó ní kí n má fi gírámà dá òun lágara. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, "white background" péré ló wà níbẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú ọ́fíìsì yẹn tó lè ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà, wọ́n ní kí n gbé e wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Ni mo bá sanwó fún ẹnì kan tó ń kọ́ni ní fọ́tò lórí WhatsApp. Gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ ò ju kí n fi magic wand (irinṣẹ́ tó ń yan ibi tí àwọ̀ rẹ̀ jọra) yan ẹ̀yìn, kí n pa á rẹ́, kí n da funfun sí i. Ó rọrùn nínú fídíò rẹ̀, torí ọkùnrin tó fárí kodoro ló fi ṣe àpẹẹrẹ! Tèmi, àwọn ọmọbìnrin tó di irun ni, pẹ̀lú àwọn irun wẹ́wẹ́ tó máa ń ta jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí. Magic wand gé àwọn irun wẹ́wẹ́ yẹn dànù. Ibi tí kò bá gé, ìlà eérú tín-ínrín á kù sílẹ̀ yí orí ká, tó o bá sì sún mọ́ ọn, wàá rí i ketekete. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi brush tún un ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ń ké lẹ́yìn ilé, onílé ń kan fèrèsé pé òun fẹ́ sùn. Epo tán kí n tó parí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí mo wo iṣẹ́ náà, àwọn ọmọ yẹn dà bí ẹni tí wọ́n fi abẹ gé lára kàlẹ́ńdà lẹ̀ mọ́ bébà. Ọ́fíìsì tún dá a padà, wọ́n ní ó hàn pé kọ̀ǹpútà ni mo fi ṣe é. Kí ni wọ́n rò pé a fi ń ṣe èyí tó kù?

Nítorí náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì ọ́ sídìí gígé. Iná ló ń sọ ẹ̀yìn di funfun. Aṣọ funfun tí ìmọ́lẹ̀ ò tó, eérú ni kámẹ́rà máa rí i sí. Tí iná rẹ bá fi ẹsẹ̀ bàtà 4 jìnnà sí ojú ọmọ, tí aṣọ ẹ̀yìn sì fi ẹsẹ̀ bàtà 8 jìnnà sí iná kan náà, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tó kan ojú ló máa kan aṣọ. Stop 2 lo ti pàdánù yẹn, torí pé stop 1 ni kí ìmọ́lẹ̀ dín sí ìdajì tàbí kó di ìlọ́po méjì. Tó o bá wá fi exposure gbé e padà, ojú náà á bá a gòkè, iwájú orí tó ń dán ni yóò sì kọ́kọ́ bó.

Ya iná sọ́tọ̀ fún aṣọ, méjì ló dáa jù, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Sún ọmọ síwájú aṣọ ní ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8. Jẹ́ kí aṣọ fi stop 1 sí 1½ mọ́lẹ̀ ju ojú lọ, kó má jù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá da stop 3 lù ú, ìmọ́lẹ̀ á ta padà láti ara aṣọ wọ inú lẹ́ńsì, irun ò ní dúdú mọ́, etí ara ọmọ á sì yọ́ mọ́ ẹ̀yìn. Tan ìkìlọ̀ tó máa ń ṣẹ́jú lórí kámẹ́rà níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti pọ̀ jù: ẹ̀yìn ni kó ṣẹ́jú, ojú àti kọ́là ò gbọdọ̀ ṣẹ́jú.

Kí n tó gbàgbé, ṣọ́ra fún lace funfun. Ìyá kan wá láti Ìjerò pẹ̀lú lace funfun àti gèlè funfun, ejìká rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nínú fọ́tò. Pákó tí wọ́n kùn ní dúdú ni kó o gbé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, níbi tí kámẹ́rà ò ti ní rí i, á fa ìlà dúdú díẹ̀ sí etí lace náà.

Ó dáa, darktable lo béèrè. White balance àti ìyókù, o mọ̀ ọ́n. Tan lens correction kọ́kọ́, torí lẹ́ńsì máa ń ṣú ní igun. Àárín lè ti dé 255, tó jẹ́ nọ́ńbà funfun pátápátá, kí igun ṣì wà ní 240. Ojú ọmọ ni kó o fi ṣe òṣùwọ̀n exposure, má wo ẹ̀yìn rárá. Lẹ́yìn náà bọ́ sínú filmic rgb, ibi tí darktable ti ń pinnu bí ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn fọ́tò ṣe máa rí (tó bá jẹ́ sigmoid, tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, ló tàn fúnra rẹ̀, pa á), kó o máa fa white relative exposure (ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti máa di funfun pátápátá) wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ. Fi color picker (irinṣẹ́ tó ń ka nọ́ńbà àwọ̀) tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù jẹ́ 255. Tí búlúù bá ṣẹ́kù sẹ́yìn, ẹ̀yìn á máa rú yẹ́lò. Má gbára lé ojú rẹ, torí tó o bá tẹ ìbòjú laptop sẹ́yìn díẹ̀, eérú á di funfun lójú rẹ.

Àwọn tó o ti yà tí kò ṣeé tún yà, dá exposure kejì sílẹ̀, fi parametric mask (èyí tó ń yan ibi nípa bó ṣe mọ́lẹ̀ tó) mú ibi tó mọ́lẹ̀ nìkan, kó o fi drawn mask (èyí tó o fọwọ́ ara rẹ yà) yọ ara ọmọ kúrò, kí etí mask náà rọ̀. Irun wẹ́wẹ́ ò ní lọ.

Kó o sì tó ṣe gbogbo wọn, fi ẹyọ kan péré ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì iléèwé náà, kí wọ́n kọ ọ́ sórí WhatsApp pé àwọn gbà á, kó o tó ra epo sí jẹnẹrétọ̀.