Ta ni ààfáà ń bá wí tó bá béèrè pé, "Níbo ni Kárúnà wà?"

Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí àwọn ààfáà fi máa ń béèrè níbi wáàsí fìdáù pé, "Níbo ni Fìrìáónà wà? Níbo ni Kárúnà wà?" Fìrìáónà ni ọba Íjíbítì tí Bíbélì ń pè ní Fáráò, Kárúnà sì ni olówó ayé àtijọ́ tí Bíbélì ń pè ní Kórà. Mo ti gbọ́ èsì kan tí wọ́n ń gbé kiri ní Adó-Èkìtì, pé olówó tó wà níjokòó ni wọ́n fi ń bú kó lè tètè tọwọ́ bàpò. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò ka ìtàn Kárúnà dópin.

Nínú Súrà 28 inú Al-Kùránì, láti ẹsẹ 76, a kà á pé kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra Kárúnà nìkan wúwo fún ọ̀wọ́ àwọn ọkùnrin alágbára. Ó jáde tòun ti ọ̀ṣọ́, àwọn tó ń lépa ayé sì ń wí pé ì bá dára kí àwọn náà ní irú ohun tó ní. Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ gbé tòun tilé rẹ̀ mì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ìwé dé, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ 82 ni ọ̀rọ̀ wà: ó padà sọ́dọ̀ àwọn tí ipò rẹ̀ ń wù lánàá, ó sì jẹ́ kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ pé, bí kì í bá ṣe oore Ọlọ́run, ilẹ̀ ì bá gbé àwọn náà mì. Nítorí náà, àwa tí a jókòó lábẹ́ ìbòrí, tí a ń wo ọkọ̀ àlejò, tí a sì ń ronú ìgbà tó máa kàn wá, àwa gan-an ni wáàsí náà ń bá wí.

Ìdí nìyí tí ààfáà tó mọṣẹ́ kì í fi dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Á béèrè, á dákẹ́, á jẹ́ kí jàmáà kùn, lẹ́yìn náà ni yóò wá rọra bi wọ́n pé, "Baba tó kọ́ ilé yìí ńkọ́?" Àwọn ẹbí tó jẹ́ ọmọ ìjọ Kristi, tí wọn kì í wọ́n níbi fìdáù nílẹ̀ Èkìtì, mọ Fáráò àti Kórà láti inú Bíbélì, ìbéèrè náà kò sì yọ wọ́n sílẹ̀.

Ìpè "Ìwọ ọmọ Ádámà", tí wọ́n mọ Hasan al-Basri, oníwáàsí Mùsùlùmí àtijọ́ tó kú ní ọdún 728, mọ́ dáadáa, ọgbọ́n kan náà ló wà nínú rẹ̀. Kò sì sí èyí tó ní kí ènìyàn kórìíra owó. Ẹsẹ 77 nínú ìtàn Kárúnà kan náà ní kó má gbàgbé ìpín rẹ̀ nínú ayé.

Ohun tó dùn mí ni pé àwọn ọ̀dọ́ oníwáàsí ìsinsìnyí kì í dákẹ́ mọ́. Kí ìbéèrè tó balẹ̀, wọ́n ti ń ki ẹni tó nawọ́ owó sí wọn, irú àṣìlóye yìí kò sì lè ṣe kó má gbilẹ̀.