Èsì: Ilẹ̀ Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú

Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ ra ilẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀, ẹ ní ọmọ onílẹ̀ tó fẹ́ tà á fún yín sọ pé omi òjò kì í dúró níbẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n òjò kọ́ ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù, odò Ògùn ni. Láti 1983 ni dáàmù Ọ̀yán ti wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Bó bá kún, wọ́n á ṣí i, omi á bá odò Ògùn gba Abẹ́òkúta sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù kẹwàá 2010 nìyẹn, tí àwọn ará Ajégúnlẹ̀ ń fi ọkọ̀ ojú omi wọ àdúgbò wọn. Oòrùn lè máa ràn kí omi máa wọlé! Ìyẹn ló ń dùn mí jù, torí ta ní ń kó ẹrù sá nígbà tójú ọjọ́ mọ́ kedere?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ wo ilẹ̀ náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oṣù kẹwàá ni kí ẹ lọ. Ẹ wo ara ògiri àwọn aládùúgbò, ẹ ó rí ibi tí omi dé. Nílé ẹ̀gbọ́n mi, ojú fèrèsé ni ilà ẹrẹ̀ náà wà, wọ́n kùn ún lọ́dà lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ń yọ. Àwọn ìyá tó ń tajà níwájú ilé ni kí ẹ bi.