Ẹ Bi Wá: Ṣé Màá Wọkọ̀ Ojú Omi Kí N Tó Dé Toronto?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní Toronto ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní kí n wá bá òun wẹ ọmọ. Tíkẹ́ẹ̀tì tó rí tó dínwó, Newark l'Ámẹ́ríkà ni yóò kọ́kọ́ gbé mi dé, kí bàálù mìíràn tó gbé mi lọ sí pápákọ̀ òfurufú kékeré kan tó wà ní erékùṣù. Ìgboro lòun sì ń gbé. Mi ò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé mi, ẹ̀rù omi ń bà mí. Ṣé omi yẹn fẹ̀ tó ti Ẹ̀bùté Mẹ́ta sí Ìsàlẹ̀ Èkó?
— Ìyá Rẹ̀mí, Ẹ̀bùté Mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ, mà. Ọlọ́run á wò ó.

Billy Bishop ni wọ́n ń pe pápákọ̀ yẹn. Omi tó wà láàárín òun àti ìgboro Toronto, mítà 121 péré ni. Afárá Third Mainland tó gba iwájú yín kọjá ní Adékúnlé, kìlómítà 11.8 ni, ẹ dá a sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, ẹ mú ẹyọ kan. Kọ̀ńdọ́ tó bá pariwo "Ojúẹlẹ́gba! Bárékè!" ní bèbè kan, wọ́n á gbọ́ ọ ní bèbè kejì. Èmi tí mò ń wọ ọkọ̀ ojú omi láti Ìkòròdú wá sí Marina láràárọ̀, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tí kì í gbẹ, mi ò lè ka ìyẹn sí ìrìn àjò.

Ẹ ò tiẹ̀ ní wọ ọkọ̀ ojú omi bí ẹ ò bá fẹ́. Ọkọ̀ náà wà o, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ló fi ń sọdá. Àmọ́ ní 2015 ni wọ́n ṣí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan tí wọ́n gbẹ́ gba abẹ́ omi, ọ̀fẹ́ ni. Àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀, irú ti ilé ìtajà ńlá Ìkẹjà, á gbé yín sọ̀kalẹ̀. Ẹ ó rìn díẹ̀. Ẹ̀lífétọ̀ á gbé yín gòkè sí ìgboro. Ẹ̀kán omi kan ò ní kán sí yín lára. Kí ọmọ yín dúró dè yín lókè ibẹ̀.

Bàálù tó ń lọ síbẹ̀ kéré, abẹ̀bẹ̀ ló fi ń fò, nítorí wọn kì í jẹ́ kí jẹ́ẹ̀tì akérò balẹ̀ níbẹ̀. Ariwo rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Ẹ má fòyà.

Newark yẹn gan-an ló ń kọ mí lóminú. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Nàìjíríà kò lè gba Amẹ́ríkà kọjá láìní físà Amẹ́ríkà, ì báà jẹ́ wákàtí méjì péré lẹ fẹ́ lò nínú pápákọ̀ wọn. Físà Kánádà ò lè gbà yín sílẹ̀ níbẹ̀. Newark náà lẹ ó ti gba ẹrù yín, tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù á tú u wò. Mo sì mọ ẹ̀yin ìyá: ẹ fi ẹran gbígbẹ sílẹ̀ nílé, wọ́n á gbà á ni.

Bí ẹ ò bá ní físà Amẹ́ríkà, ẹ ní kí ọmọ yín wá èyí tó gba Addis Ababa, kò ní gba Amẹ́ríkà kó tó dé Pearson, pápákọ̀ ńlá Toronto. Pearson jìnnà sí ìgboro ju ti erékùṣù lọ, ó lé ní ogún kìlómítà, ṣùgbọ́n rélùwéè wà níbẹ̀ tó ń fi ìṣẹ́jú 25 dé àárín ìgboro. Kó wo lẹ́tà mẹ́ta tó dúró fún pápákọ̀ lórí tíkẹ́ẹ̀tì dáadáa kó tó sanwó: YYZ ni Pearson, YTZ ni ti erékùṣù.